Ìdáhùn: Okùn àìrí àbí okùn àìrì? (orúkọ okùn fún ìwọ̀ olórí òjé)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ẹnu ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Minnesota ló kó orúkọ mẹ́ta wá fún okùn ìpẹja tí wọ́n fi ń ju jíígì (ìwọ̀ tí òjé wà lórí rẹ̀) nínú adágún: okùn ọ̀rá fún èyí tó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, okùn àìrí fún fluorocarbon (irú ọ̀rá mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe okùn), okùn àìrì fún èyí tí wọ́n hun. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún lè máa bá bàbá wọn sọ Yorùbá létí omi ni. Iṣẹ́ rere ni. Inú mi tilẹ̀ dùn pé wọ́n ti yọ "okùn aláìríran" ti àkọ́kọ́ kúrò, èyí tó sọ okùn di afọ́jú.

Ṣùgbọ́n àìrí àti àìrì kẹ̀? Nínú ìwé kan náà?

Ohùn kan péré ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ojú kò rí, èkejì ni kì í rì. Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé òdì ara wọn ni okùn méjèèjì nínú omi: èyí tí ẹ pè ní àìrí gan-an ló ń rì, èyí tí ẹ pè ní àìrì ni ojú ń rí ketekete. Ẹ sì mọ iye àwa tí a máa ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹnìkan ti kọ ọ́ síbí pé "e ra okun airi". Kí ni ọmọ fẹ́ lọ rà? Kò tíì mọ̀ bóyá òkun ni, okun ni, tàbí okùn, ká tó wá dé orí airi!

Alàgbà wa onígírámà ní "ẹ̀mí àìrí" ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa, pé kò sí ohun tó ṣe àìrí. Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àìrí, ẹnikẹ́ni ò rí i. Okùn yìí ń bẹ lọ́wọ́ mi, mò ń wò ó. Àìrí tó bá dá dúró pàápàá, etí Yorùbá máa ń retí ohun tó kàn: àìrí owó, àìrí iṣẹ́ ṣe. Okùn àìrí kí ni?

Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni àìrí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú nǹkan, ó máa ń tẹ̀. Ìwọ̀n tó fi ń tẹ̀ nínú omi jẹ́ 1.33, nínú fluorocarbon 1.42, nínú náílọ́ọ̀nù, ìyẹn okùn ọ̀rá, nǹkan bí 1.53. Lóòótọ́, fluorocarbon sún mọ́ omi ju náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹja. Sísúnmọ́ kò sọ ọ́ di àìrí. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, omi sì ni ilé okùn, kì í ṣe ara páálí tí wọ́n fi dì í.

Ohun tí kò ní iyàn nínú ni rírì rẹ̀. Bí a bá fi omi ṣe 1, fluorocarbon wúwo tó nǹkan bí 1.78, náílọ́ọ̀nù 1.14, polyethylene, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun okùn àìrì, jẹ́ 0.97, ìyẹn ló fi ń léfòó. Ẹni tó bá sì ti ju jíígì rí mọ̀ pé ìgbà tí ìwọ̀ ń rì lọ́wọ́ ni ẹja sábà máa ń gbá a mú. Okùn kàn máa gbọ̀n fín-ín, tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ojú rẹ kò bá sí lára okùn, tí ìka rẹ kò sì sí níbẹ̀, ẹja á ti tu ú dà nù. Okùn tó bá ń rì pẹ̀lú ìwọ̀ máa ń nà tààrà sí i; afẹ́fẹ́ á máa ti èyí tó ń léfòó kiri lójú omi. Ohun tí mo fi ní OKÙN ARÌ nìyí. A-rì.

Wọ́n ti fèsì pé a- yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe tó gba àbọ̀ ló ń bá rìn: apẹja, akọrin, apànìyàn. Asínwín ńkọ́? Arọ ńkọ́? Àbọ̀ wo ni sínwín gbà? Mo ń retí èsì.

Okùn ọ̀rá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí, àfi ohun kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rá tí à ń rà lọ́jà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń bu omi sí, polyethylene ni. Kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rárá. Okùn híhun ni mọ̀lẹ́bí ọ̀rá omi nígbà náà! Èyí tí a fẹ́ pè ní okùn ọ̀rá ni náílọ́ọ̀nù tòótọ́, irú èyí tí iléeṣẹ́ DuPont fi han ayé ní 1938. Àmọ́ ẹnu ọjà ti gbà á, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.

Èyí tí Ẹ̀gbọ́n pè ní àìrì, okùn híhun ni mo pè é. Ìyá wa ní kí a má pè é ní híhun, pé aṣọ àti ẹní la ń hun, pé dídì ni torí pé bí wọ́n ṣe ń di irun ni. Ẹ má bínú, mà. Okùn dídì létí ọmọ apẹja ni okùn tí a dì jọ láti gbé e lọ sílé. Àti pé fọ́nrán mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Ta ló ń fi mẹ́jọ di irun? Mo mọ̀ pé wọn ò ní í gbà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ibi ọ̀sà ni wọ́n ti wẹ̀ mí. Bàbá bàbá mi kì í so ìwọ̀ kó má kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tọ́ okùn láti òkè délẹ̀, ó ń wá ibi tó ti fẹ́ já. Tó bá ta kókó, á fi itọ́ rin ín kó tó fà á le. Nígbà tí mo dé Texas ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé tí kókó ọ̀rá bá gbẹ tí a sì fà á, ooru ìfaragbúnra á jẹ agbára rẹ̀. Bàbá ò kàwé kankan. Irú wọn ló yẹ kó máa sọ nǹkan lórúkọ, kì í ṣe àwa tí à ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, tí a rí i pé jíígì jẹ́ ijó, tí a wá ń pariwo "ìwọ̀ oníjó". Ijó wo? À ń gbé e sókè díẹ̀, a tún ń jẹ́ kó rì. Òjé ló wà lórí rẹ̀: ìwọ̀ olórí òjé.

Ẹni wa ní London ní láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de òjé ìpẹja tó wà láàárín gíráàmù 0.06 sí 28.35 lọ́dọ̀ àwọn, torí ó ń pa ẹyẹ odò, pé tungsten, irin wúwo mìíràn, ni wọ́n ń lò báyìí. Ó dáa, àmọ́ orúkọ lè dúró bí nǹkan tilẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣé inú omi ló ń gbà lọ?

Ọmọ tó béèrè èyí tó yẹ kó rà, tí gbogbo wa gbàgbé láti dá lóhùn: tó bá jẹ́ crappie (irú ẹja adágún kan ní Amẹ́ríkà) lò ń wá, ẹnu rẹ̀ máa ń tètè fà ya, ra okùn ọ̀rá oní pọ́n-ùn 4 sí 6 (ìwúwo tó lè gbà kó tó já), ó ń nà, kò ní í ya ẹnu ẹja. Nínú omi tó mọ́ gaara, híhun oní pọ́n-ùn 8 tàbí 10, tí kò sanra ju ọ̀rá oní 2 lọ, tí kì í sì í nà, kí o wá ta okùn arì díẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ní Lake Fork, adágún kan lọ́dọ̀ wa níbí ní Texas, tí igi òkú kún inú rẹ̀, arì oní 15 sí 20, tàbí híhun oní 50 sókè. Àwọn igi yẹn kò mọ àgbà.

Èyí tí a ta mọ́ ẹnu híhun yẹn, Ẹ̀gbọ́n pè é ní "okùn aṣáájú". Aṣáájú, bí ẹni pé ó fẹ́ du ipò gómìnà! Àsomọ́ ni mo fi lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àsomọ́ ti di ti ímeèlì, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó fún ímeèlì.