Ṣé lóòótọ́ ni oògùn jẹjẹrẹ kan wà tó ń lọ tààrà síbi kókó?

Àbúrò_Ìbàdàn: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, àǹtí mi ń gba kímò fún jẹjẹrẹ ọmú, èyí tó pupa bíi zobo yẹn. Irun wọn ti já tán, egbò ti gba ẹnu wọn, ata ò ṣeé fẹnu kàn mọ́, dókítà tún ní kí wọ́n lọ ṣe ayẹ̀wò ọkàn. Ẹnì kan wá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé oògùn nano kan, èyí tí wọ́n ṣe kéré tí ojú ò lè rí, ti dé tó mọ ilé jẹjẹrẹ, kì í fọwọ́ kan ibòmíì lára. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó wa?

nọ́ọ̀sì_alẹ́: Ẹ kú ìtọ́jú o. Òótọ́ wà ńbẹ̀, àbùmọ́ náà wà ńbẹ̀. Doxorubicin loògùn pupa yẹn, láti 1995 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí wọ́n fi nano ṣe, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tín-ín-tín (ọ̀rá bíi ti ẹran, kì í ṣe ti láílọ́ọ̀nù), Doxil lorúkọ ẹ̀, ọ̀rá yẹn kéré débi pé ẹ ó to bíi 1000 síra wọn kó tó kún ìbú irun orí kan. Kò mọ ilé kankan o jàre. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó ló máa ń jò bíi páìpù tí wọn ò so dáadáa, ibẹ̀ ló ń gbà yọ́ wọlé. Àmọ́ kì í ba ọkàn jẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀.

ọmọ_láàbù: Ẹ rọra o. Wọ́n kó ìwádìí ọdún mẹ́wàá lórí irú oògùn nano bẹ́ẹ̀ jọ ní 2016, ti eku ló pọ̀ jù, 0.7% péré nínú èyí tí wọ́n fà sí wọn lára ló sábà ń dénú kókó. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbé púpọ̀ ìyókù mì.

Ìyá_Ìbejì: Màmá mi gba Doxil fún ti ilé ẹyin. Irun wọn ò já púpọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ wọn pupa, ó ń bó, ó ń ta wọ́n bí ẹni di ẹyin iná mú, wọn ò lè fún aṣọ, omi tútù la fi ń rẹ ẹ́.

Àbúrò_Ìbàdàn: Hmm. Inú ìgò ni ti fídíò yìí wà o, ₦85,000, wọ́n ní ká máa kán 10 sínú omi mu.

nọ́ọ̀sì_alẹ́: Háà! Inú iṣan ni wọ́n ń fa Doxil sí, ní ọsibítù, kò sí èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Ẹ sá! Dókítà ni kí ẹ bi, torí wọ́n ń ka iye oògùn pupa tí àǹtí ti gbà, ó níye tí wọn kì í kọjá nítorí ọkàn.

Àbúrò_Ìbàdàn: Mo ti pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àǹtí, àwọn gan-an ló ní kí n lọ yáwó ẹ̀.