Èmi ni mo bu ọwọ́ lu ìwé náà: ìrírí wa lórí owó onígbọ̀wọ́ tí ń fa awuyewuye

Láti ọwọ́ ẹni tí ó ti ṣe akápò rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. A ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ owó onígbọ̀wọ́ bá ti kàn rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akápò fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn tí ó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sí àyà jẹ́sì wa. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí n kò wá bá ẹnikẹ́ni jà.

Gbèsè ni ó ká wa mọ́. Owó pápá ti wọ oṣù mẹ́rin tí a kò tíì san, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ń gbé wa lọ síbi ìdíje ti fárígá, onígbọ̀wọ́ wa àtijọ́ sì ti kógbá sílé. Nígbà tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ wá bá wa pẹ̀lú owó tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a ń gbà tẹ́lẹ̀, kò sí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tí ó béèrè ibi tí owó náà ti ń wá. Èmi gan-an sùn fọnfọn lóru ọjọ́ yẹn. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀kánjúwà nìkan ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni gbogbo wa, ọ̀nà tí yóò fi gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé ni olúkúlùkù wa ń wá.

Ohun tí n kò fi ojú tó dáadáa nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ kóòdù. Ẹgbẹ́ wa ní kóòdù tirẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa kéde rẹ̀ fún àwọn alátìlẹ́yìn. Gbogbo ẹni tí ó bá fi kóòdù náà forúkọ sílẹ̀, ìdá kan nínú ohun tí ó bá pàdánù yóò máa wọ àpò ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa: nínú ohun tí ó bá pàdánù. Bí ó bá jẹ tẹ́tẹ́, a kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí ó bá fi ọwọ́ lérí ni ọjọ́ tiwa.

Oṣooṣù ni ìwé ìṣirò máa ń dé. Kò sí orúkọ ènìyàn nínú rẹ̀, nọ́ńbà lásán ni. Ní oṣù kẹta, nọ́ńbà kan dá yàtọ̀: ohun tí ẹni náà pàdánù ju ti gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀ lọ, ìpín tiwa láti ara rẹ̀ nìkan sì tó owó rẹfirí oṣù náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé owó tí ó wọlé, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì lọ jẹun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá tí ń bá wa kun ìlà pápá wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ wa. Wọn kò wọlé. Jẹ́sì wa ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì ń fi èékánná àtàǹpàkò ha orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà láyà wọn, bí ẹni pé ó ń yún wọn. Wọ́n ní kí n yá àwọn lówó ilé. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé tẹ́tẹ́ ni, àti pé kóòdù ẹgbẹ́ ni àwọn fi wọlé, nítorí àwọn rò pé bí àwọn bá tilẹ̀ pàdánù, ẹgbẹ́ àwọn náà ni yóò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú: “Akápò, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká lò ó.”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo mọ nọ́ńbà wọn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, mo ka ìlà yẹn sí wọn létí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Alága wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún títí di òní, sọ pé àgbàlagbà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn, àti pé bí àwa kò bá gba owó náà, ẹgbẹ́ mìíràn yóò gbà á. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. A dìbò: mẹ́fà ní ká máa bá àdéhùn náà lọ, mẹ́ta ní ká fi sílẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ohun tí owó náà ṣe sí ẹnu wa. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Kí àdéhùn náà tó dé, ọdọọdún ni a máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ jọ, tí a ó kìlọ̀ fún wọn nípa ọtí, oògùn olóró àti tẹ́tẹ́. Fún ọdún méjì tí àdéhùn náà fi wà, a kò ṣe ìpàdé yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní ká má ṣe é. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé a máa ń ṣe é. Àwa fúnra wa ni a mi ẹ̀jẹ̀ sínú, tí a tu itọ́ funfun jáde. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn tí wọ́n ní orúkọ lásán ni lára aṣọ pé wọn kò tíì jókòó sínú ìgbìmọ̀ rí. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú ẹgbẹ́ wọn ni ilé-iṣẹ́ ń rà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹgbẹ́ sì ń bá a wá bí èènì.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ Premier League, ìdíje líìgì tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kúrò ní àyà jẹ́sì nígbà tí sáà 2025/26 bá parí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti apá aṣọ sílẹ̀. Mo ti ronú sí i títí, n kò rí ìdí tí ohun tí kò yẹ àyà yóò fi yẹ apá. Ẹgbẹ́ Schalke 04 ní Jámánì gbé orúkọ Gazprom, ilé-iṣẹ́ gáàsì ìjọba Rọ́ṣíà, káàkiri láti ọdún 2007, ọjọ́ tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé àwọn yóò yọ ọ́. Ti ẹgbẹ́ Bolton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ràn jù: ní ọdún 2013, àwọn alátìlẹ́yìn wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tako QuickQuid, ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó pẹ̀lú èlé gọbọi, ẹgbẹ́ sì pa àdéhùn náà tì kí jẹ́sì tó jáde. Kò sí ogun, kò sí òfin tuntun. Àwọn tí wọ́n ni ẹgbẹ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọdún méjì wa pé, a tún dìbò, márùn-ún sí mẹ́rin, a kò sì tún àdéhùn náà ṣe. Ó ná wa ní nǹkan. A tú ikọ̀ kejì ká, agbábọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gan-an sì fi wá sílẹ̀ lọ sí ibi tí owó wà. Mo dábàá pé ká dá ìpín tí a rí láti ara bàbá yẹn padà fún wọn, ìgbìmọ̀ sì gbà. Wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sọ ohunkóhun. Wọn kò kun ìlà pápá fún wa mọ́ láti ìgbà náà.

Ìdáhùn láti ọwọ́ alátìlẹ́yìn kan

Ẹ kú ọ̀rọ̀, akápò, Ọlọ́run yóò fún yín ní ọkàn tí ó balẹ̀. Tèmi kò jẹ mọ́ tẹ́tẹ́. Ẹgbẹ́ tí mo ń tẹ̀lé ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Rwanda láti polówó ìrìn-àjò afẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè náà, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn pé orúkọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan wà nínú ìpolówó bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń wò.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2025, mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ mi lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìlú Goma ní Kóńgò, ń gbìyànjú láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gba Goma, àwọn tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ pé Rwanda ń tì lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Rwanda ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kò wọlé. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo aṣọ mi, ó sì rọra bi mí pé, “Ṣé àwọn yìí náà ni wọ́n ń sanwó fún ẹgbẹ́ yín?” Kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú.

Ní oṣù kejì, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Kóńgò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal, Bayern Munich àti Paris Saint-Germain (PSG) pé kí wọ́n fòpin sí àdéhùn wọn pẹ̀lú Rwanda. Bayern yí tirẹ̀ padà sí ìdàgbàsókè bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kí ọdún tó parí, Arsenal kéde pé tirẹ̀ yóò dópin ní ọdún 2026, PSG sì fi kún ọdún tirẹ̀. N kò fi ẹgbẹ́ mi sílẹ̀, n kò lè parọ́. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, èsì tí mo gbà sì jọ ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ de gbogbo ènìyàn. Lójoojúmọ́ ni mo ṣì ń rí ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò wọ aṣọ náà lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ìdáhùn láti ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ kan

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ jáde. Kúkúrú ni tèmi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sára jẹ́sì tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, mo sì máa ń yìn wọ́n fún èyí. Ọmọ mi yára ga. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìwọ̀n ọmọdé kò bá a mu mọ́, mo sì ra ti àgbà fún un. Nígbà tí ó tú u kúrò nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ń wo àyà rẹ̀, ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé mo ti tó ta tẹ́tẹ́ báyìí ni?”

Nígbà tí ó sùn tán, mo fi ìwé lé orí àwọn lẹ́tà náà, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, mo sì ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Gbogbo lẹ́tà náà ti kúrò, ṣùgbọ́n àpá wọn kò kúrò lára aṣọ. Bí ó bá wọ̀ ọ́, tí ó sì dúró sínú ìmọ́lẹ̀, mo ṣì ń ka orúkọ náà.