Wọ́n ní kíbọọ̀dù mi ń pariwo ní yàrá ìkàwé. Kí ni kí n ṣe sí i?

ÌyáÌbejì

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dìde ní yàrá ìkàwé, mo lọ ra omi. Nígbà tí mo padà dé, mo bá bébà jọ́tà kékeré kan lórí báàgì mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kíbọọ̀dù yín ń dà wá láàmú. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì." Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo wo tábìlì yí ká, gbogbo wọn dorí kodò bí ẹni tí kò gbé irú rẹ̀ ṣe rí. Ọmọkùnrin tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi sì ń jẹ gùgúrú ní tirẹ̀ o, ó ń fi ẹyín fọ́ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí òun.

Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi wúwo. Ẹni ọdún 47 ni mí, olùkọ́ girama ni mí, mo ń ṣe másítà nínú èdè Yorùbá. Ní 1996 ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń taipu, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo, lórí taipuráítà onírin. Ọ̀gá wa a máa ki bébà mẹ́ta àti káábọ̀n méjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o ò bá gbá lẹ́tà náà dáadáa, bébà kẹta kò ní ríran, ìwọ náà lo máa tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ká má tíì wá sọ ti sítẹ́ńsù, bébà onída tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀. Ọwọ́ tí mo fi ṣe é nígbà náà ni mo fi ń ṣe láptọ́ọ̀pù títí dòní.

Ohun kejì ni pé Yorùbá ni mo ń kọ. Orúkọ àwọn aṣọ òfì ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lé, ọ̀gá mi kò sì ní gba ojú ìwé kan tí kò lámì ohùn. Lórí ẹ̀rọ mi, ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà, ọ̀tọ̀ ni àmì ìsàlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn. "Ọ̀sẹ̀" tí ẹ rí yìí, lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀meje ni ìka mi máa balẹ̀. Ẹni tó ń kọ "week" létí mi ti fi ẹ̀ẹ̀mẹrin parí tirẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀ fún ojú ìwé 120.

Mi ò lè ṣe é nílé. Ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iná kì í sì í dé ládùúgbò wa títí di òru. Ṣé kí n ra kíbọọ̀dù mìíràn ni, àbí ti rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ lé e lórí? Àbí kí n kàn ṣe bíi pé mi ò rí ìwé yẹn?

Ọmọ300L

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ìyá kan wà nílé ìkàwé tiwa níbí tí mo ti fẹ́ẹ́ kọ irú rẹ̀ sí rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí fún àwa tá a jókòó lódìkejì.

Kì í ṣe pé ó ń dún púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wíńdò wa látàárọ̀, ó ju kíbọọ̀dù ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, etí ti gbàgbé rẹ̀, nítorí pé bákan náà ló ń dún lọ. Kíbọọ̀dù ò rí bẹ́ẹ̀. Á sáré pápápápá, á dákẹ́. Ẹ̀yin ń ronú lọ́hùn-ún, èmi náà ń dúró kó tún bẹ̀rẹ̀. Mo á wá ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tó burú jù ni Enter, bọ́tìnì tó ń gbé wa lọ sí ìlà tuntun. Ìyá tiwa máa ń gbá a bí ẹni tó fẹ́ pa ẹ̀fọn. Ẹ dákun, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin náà ń ṣe é.

ÀgbàÌjẹ̀bú

Ṣé ìwé kì í jẹ́ ìwé mọ́ bí wọn ò bá fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ni? Bírò ni ká mú. Bírò kì í dún. Láyé tiwa, eṣinṣin ò tó bẹ́ẹ̀ kó fò ní yàrá ìkàwé.

ÌyáÌbejì

Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Jọ́tà mẹ́rin ni mo ti fi bírò kọ kún lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ó wà nílé. Ṣé ẹ ó bá mi bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ kó gba jọ́tà?

Ọmọ300L, o ṣeun. Mo ṣọ́ ara mi lánàá, òtítọ́ lo sọ. Bí mo bá parí ìpínrọ̀ kan tó dùn mọ́ mi, gbàà ni mo máa ń fún Enter. Taipuráítà ló kọ́ mi: tó o bá dé òpin ìlà, wàá fi ọwọ́ ti gbogbo orí ẹ̀rọ náà padà. Ọwọ́ mi ṣì ń wá irin yẹn.

Mo tún gbìyànjú ọgbọ́n kan. Mo ní kí n tẹ lẹ́tà lásán ní yàrá ìkàwé, kí n wá máa fi àmì sí i nílé lóru. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni mo ṣe, mo sá. Mo rí "etu" nínú ìwé ara mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹtù aṣọ ni, àbí ẹtu inú igbó, àbí ẹ̀tù tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni mò ń sọ. Àmọ́ ahunṣọ kan sọ ìtàn ọdẹ fún mi, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dojú rú.

Atúnṣe_Ìkẹjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ mi nìyí, ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń tú láptọ́ọ̀pù. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ife rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ike méjì tó gbábùú ara wọn bíi sáásì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà á wọlé, bọ́tìnì á sì lọ kan àwo tó wà nísàlẹ̀. Kíkàn yẹn ni ẹ ń gbọ́. Ọ̀nà tó ń rìn kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, agbára tí ẹ fi ń ti taipuráítà ti pọ̀ jù fún un. Ariwo ni ìyókù agbára náà ń dà.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yín, àbí? Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka ẹsẹ̀ rọ́bà tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ kan ti já sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà á wá máa mì, gbogbo bí ẹ bá ti ń tẹ̀wé, igun rẹ̀ á máa kan tábìlì. Tábìlì pákó gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo, ìlù nìyẹn. Àwọn tó wà lópin tábìlì lè máà gbọ́ kíbọọ̀dù yín rárá, tábìlì ni wọ́n ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo spacebar, bọ́tìnì gígùn tó ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé e dúró lábẹ́. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti yọ kúrò nínú ìkọ́ rẹ̀, á máa ṣe kàràkàrà.

Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ lé e lórí máa ń dín in kù díẹ̀. Ẹ rántí yọ ọ́ kí ẹ tó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó lè fi àpá sójú síkíríìnì. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan sì wà tó jẹ́ pé àárín bọ́tìnì ni wọ́n ti ń mí. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ aṣọ sábẹ́, ẹ má jẹ́ kó dí ihò fáànù, ooru á pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra kíbọọ̀dù mẹ́káníkà o, ìyẹn èyí tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní suwíìṣì tirẹ̀, pàápàá èyí tí suwíìṣì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù. Nítorí kó lè máa dún ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì tí wọ́n máa kọ sí yín kò ní sí "ẹ jọ̀ọ́" nínú.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Àǹtí, ní ti àmì, ẹ pààrọ̀ ètò ìtẹ̀wé yín, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń sọ lẹ́tà tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan máa gbé jáde. Àwọn kan wà tó fún ẹ, ọ àti ṣ ní bọ́tìnì tiwọn. Ẹ ò lè bọ́ lọ́wọ́ àmì ohùn o, torí pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́ tàbí ọ̀, ńṣe ni wọ́n ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n "ọ̀sẹ̀" yín á bọ́ sí márùn-ún.

Níbí, àjà ni wọ́n fi pín ilé ìkàwé wa: àjà kan wà fún ìdákẹ́rọ́rọ́, òmíràn wà fún àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń bínú síra wọn nítorí kíbọọ̀dù náà ni.

ÌyáÌbejì

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. ÀgbàÌjẹ̀bú, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun, mo ti dárí jì yín.

Atúnṣe, àfi bíi pé o dé ilé mi rí! Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo bá, ti igun iwájú lọ́wọ́ òsì ti lọ. Mo gé sílípáàsì balùwẹ̀ kan tó ti já, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nípọn jù, ẹ̀rọ náà dúró bí arọ. Mo tún fi bíléèdì fá a. Ní báyìí kò mì mọ́.

Mo ti pààrọ̀ ètò ìtẹ̀wé. Ó ń dà mí lọ́kàn rú díẹ̀, lánàá mo ṣi orúkọ ara mi kọ, mo ní láti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì ti kúrò láàárín tábìlì gígùn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mò ń jókòó sí.

Enter ṣì ń jẹ mí lọ́wọ́, mo ń bá a jà. Spacebar ni kò gbọ́. Wáyà rẹ̀ ti yọ lápá ọ̀tún bí o ṣe sọ, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí i fúnra mi. Àtàǹpàkò òsì nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, torí pé apá òsì kì í dún. Bí mo bá dé Èkó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ṣé ṣọ́ọ̀bù rẹ máa ń ṣí?

Atúnṣe_Ìkẹjà

Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń ṣí mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́nà bá yín ṣí i o, wáyà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́.