Orúkọ wo ni ó yẹ oògùn wárápá?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, mo kí yín láti Òṣogbo. Àbá méjì ni ó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún oògùn tí àwọn dókítà ń fún alárùn wárápá: àwọn kan ní "apawárápá", àwọn mìíràn ní "oògùn gìrì". N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

"Apawárápá" ṣèlérí ohun tí oògùn náà kò lè ṣe. Ìkọlù wárápá máa ń dé nígbà tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní àṣejù. Fẹnitóìnì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, tí ó wọlé sí ìtọ́jú wárápá ní 1938, máa ń dì mọ́ ojúhò tí sódíọ̀mù (èròjà kan tí ó wà nínú iyọ̀) ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ojúhò náà tó tún ṣí. Sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdíwọ́, èyí tí ń sáré àsápajúdé ni ó ń fà sẹ́yìn. Fẹnobábítà, tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1912, ń ti GABA lẹ́yìn, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ fi ń pẹ̀tù sí àwọn sẹ́ẹ̀lì. Kò sí èyí tí ó hú gbòǹgbò àrùn nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbà pé a ti "pa" wárápá òun, tí ó sì ṣàdédé dá oògùn dúró, lè kó sínú ìkọlù àkọlùtúnkọlù tí ó lè gba ẹ̀mí.

Ní ti "gìrì", bí ìyá kan bá pariwo rẹ̀ ní Ọjà Ọba níbí, ọmọdé tí ibà mú ni gbogbo ènìyàn yóò rò, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà nílò oògùn ojoojúmọ́. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ náà "gìrì" kò kan ọmọ tí wárápá tirẹ̀ kò ju kí ó ranjú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, láìgbọ̀n, láìṣubú.

Nítorí náà, "oògùn akóníjàánu ìkọlù wárápá" ni àbá tèmi. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta oògùn lè gé e kúrú sí "ìjánu wárápá", aláìsàn yóò sì mọ̀ pé a kì í tú ìjánu láìjẹ́ pé dókítà ní kí a tú u.