Irin tá a wú jáde nínú Ògùnpa: a fẹ́ fi ṣe ère, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ_Ògùnpa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ní Ìbàdàn níbí, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa máa ń kó ìdọ̀tí inú odò Ògùnpa kí òjò tó dé, torí àwọn òbí wa kò tíì gbàgbé omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ọ̀rá àti ike ló máa ń pọ̀ jù, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí irin náà pọ̀: ríìmù mọ́tò, férémù kẹ̀kẹ́, páànù, ìkòkò, fíríìjì, àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ìyá arúgbó kan ládùúgbò dúró tì, tó ń fọwọ́ pa á lára. Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti wá, a ò tà. A fẹ́ fi ṣe ẹja ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ afárá, kí ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí débẹ̀ rí ohun tá a ti fi bọ́ odò yìí.

Èwo ni ká lò, èwo ni ká má fọwọ́ kàn? Kí la máa ṣe sí ìpẹtà? Tá a bá gbé e kalẹ̀ tán, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n tú u tà lóru?

Bàbá_Wẹ́dà:
Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Ẹ kọ́kọ́ gbé fíríìjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ́ìlì àti gáàsì lè ṣì wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí iná kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni sílíńdà gáàsì àti agolo tó dé pinpin. Páìpù inú odò, ẹrẹ̀ tútù lè dí i lẹ́nu méjèèjì. Ẹ lu ihò sí i kẹ́ ẹ tó fi iná wẹ́dà jó o, torí omi tó bá hó tí kò ríbi gbà jáde á bú gbàù.

Páànù gan-an ni mo fẹ́ pariwo lé lórí. Síǹkì ló wà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jó o, èéfín funfun ló máa rú, ẹni tó bá fà á símú á máa gbọ̀n lálẹ́ bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa wẹ́dà gbà pé mílíìkì ń pa oró èéfín yẹn. Irọ́ ni! Ẹ gé páànù bí ìpẹ́ ẹja, kẹ́ ẹ fi wáyà rán an mọ́ egungun ère.

Ríìmù àti férémù ni egungun yẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà kúrò. Èyí tó bá ń rún, ẹ tà á. Tẹ́ ẹ bá jó o tán, ẹ kun réèdì-ọ́sáìdì, ìyẹn pẹ́ńtì pupa tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kẹ́ ẹ dá ihò sí ikùn ẹja kí omi òjò lè máa jáde. Ní ti olè, ẹ ri ẹsẹ̀ ère mọ́ kọnkéré, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù wá síbi iṣẹ́. Wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò mọ ibi tí irin náà ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀wọ́ aláwọ, àti abẹ́rẹ́ tetanus.

Ará_Àjàṣẹ́:
Ìlú wa, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ni àwọn agbẹ́re Théodore àti Calixte Dakpogan ti wá, ìran alágbẹ̀dẹ. Àlòkù irin mọ́tò ni wọ́n fi ṣe ère fún Ouidah 92, àjọ̀dún Vodun ní ìlú Ouidah, tó wáyé ní 1993. Ẹ má fi pẹ́ńtì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi orí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn síbi tí ìyá yẹn á ti máa rí i.

Ìyá_Òṣogbo:
Ìkòkò yẹn, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ròòdù wẹ́dà lásán kò ní mú un. Ẹ lù ú pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ fi òòlù yàwòrán sí i. Bí Asírù Ọlátúndé, ayàwòrán ará Òṣogbo, ti ṣe níbí nìyẹn, alágbẹ̀dẹ lòun náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé lè ṣe é, ẹ fún wọn ṣe.

Ọmọ_Ògùnpa:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, ríìmù kan ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé ó ṣì lè gbé ìwúwo?

Bàbá_Wẹ́dà:
Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ ya fọ́tò ibi tó ti ya, kẹ́ ẹ fi síbí.