Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bákọ́ọ̀pù mi: fáìlì ti padà
Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá parí ọ̀rọ̀ tí mo gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn fáìlì 2019 ní ọ́fíìsì wa ní Wuse ò ṣí mọ́ lẹ́yìn ọpdéètì oṣù yìí tí wọ́n ṣe fún bákọ́ọ̀pù wa, ìyẹn ibi tá a ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sí. Wọn ò sọnù o! Ọpdéètì yẹn ló kó gbogbo fáìlì tá ò tíì fọwọ́ kàn fún ọjọ́ 180 lọ sí àkáífù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì tá ò lò mọ́ pamọ́ sí, tí fáìlì bá sì ti débẹ̀ kò sí pé ẹ̀ ń ṣí fáìlì lójú ẹsẹ̀ mọ́, ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè fún un kẹ́ ẹ tó dúró dè é, Glacier Deep Archive, ìyẹn irú àkáífù bẹ́ẹ̀ ti Amazon, gan-an lè gbà tó wákàtí 12. Mo bèèrè lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ gbogbo ẹ̀ ti délẹ̀, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ wo àkáífù, ẹ ṣé gan-an sà.