Script mi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, àmọ́ Excel ń há lóru: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo kọ script (ètò kékeré) Python kan tó ń fi pywin32, àkójọ kóòdù tí Python fi ń bá Windows sọ̀rọ̀, darí Excel. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: ó ń ṣí fáìlì mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ́ kí Excel ṣe ìṣirò inú wọn, ó ń sọ ojú ìwé àkọ́kọ́ di PDF, ó sì ń ti fáìlì náà. Bí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà tí mo gbé e fún Task Scheduler, irinṣẹ́ Windows tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, pé kó máa ṣe é ní aago méjì òru ni wàhálà dé. Bílẹ̀ bá mọ́, PDF méjì péré ni mo máa ń bá. Tí mo bá ṣí Task Manager, níbi tí a ti ń rí gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́, EXCEL.EXE (Excel fúnra rẹ̀) á ti jókòó síbẹ̀ láìsí fèrèsé kankan tí mo lè fojú rí.

Nígbà mìíràn, ohun tí mo ń bá nínú log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ script) ni pywintypes.com_error, -2147418111, "Call was rejected by callee". Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan, script kàn dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ti fi time.sleep síbẹ̀, àáyá 5, lẹ́yìn náà 20. Mo ti yọ pywin32 kúrò, mo sì tún fi í padà. Mo ti pa fódà gen_py, tí pywin32 ń kó nǹkan pamọ́ sí nínú Temp, rẹ́, torí mo gbọ́ pé ó máa ń bàjẹ́. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Dispatch, àṣẹ pywin32, ni mo fi ń pe Excel, Visible sì wà ní False kí fèrèsé rẹ̀ má bàa hàn. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Onísùúrù:
Ẹ kú wàhálà. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí. Ṣé àdírẹ́ẹ̀sì kíkún lẹ fún Workbooks.Open, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì? Tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan sí "Start in" nínú Task Scheduler, C:\Windows\System32 ni script á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú fódà tí fáìlì yín wà. Èwo lẹ mú nínú "Run only when user is logged on" àti "Run whether user is logged on or not"? Ìkẹta ló ká mi lára jù: tí ẹ bá ń dán an wò lọ́sàn-án, ṣé Excel tiyín náà máa ń wà ní ṣíṣí?

Akọ̀wé Òru:
Àdírẹ́ẹ̀sì kíkún ni, láti D:\ délẹ̀. Èkejì ni mo mú, "whether user is logged on or not". Ní ti ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni o, Excel mi kì í wà ní títì lọ́sàn-án. Ẹ sì rán mi létí nǹkan kan: nígbà míì tí mo bá tẹ script yìí, fèrèsé Excel tí mo ń lò máa ń pòórá lójú mi. Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà ló ti gbó.

Bàbá Kóòdù:
Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe yín. Excel tó ń pòórá yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Dispatch kì í fi dandan bẹ̀rẹ̀ Excel tuntun. Ó máa ń kọ́kọ́ wò yíká bóyá ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Bó bá rí i, òun ló máa dì mọ́. Lọ́sàn-án, Excel tiyín gan-an ni script ń lò. Visible = False ló ń gbé e pamọ́ mọ́ yín lójú. Ó sì ń jàǹfààní gbogbo fáìlì tí ẹ ti ṣí sínú rẹ̀. Lóru, kò sí Excel kankan nílẹ̀, tuntun ló máa bẹ̀rẹ̀, èyí kò sì mọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹ ṣí lọ́sàn-án. Ẹ fi DispatchEx rọ́pò rẹ̀, torí òun máa ń bẹ̀rẹ̀ Excel tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà gbogbo. Mo lérò pé tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wàhálà òru yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ohun tí a ń wá nìyẹn. Àìsàn tí kì í jẹ́ kí dókítà rí òun kò ṣeé wò.

Excel fẹ́ràn ìbéèrè púpọ̀. Ṣé kí n mú iye tuntun wá láti inú fáìlì tí wọ́n so mọ́ èyí? Ṣé kí n fi àyípadà yìí pamọ́? Fáìlì yìí wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣé kíkà nìkan lẹ fẹ́ kà á? Bí fèrèsé rẹ̀ bá wà nípamọ́, àpótí ìbéèrè náà á yọ síbẹ̀ síbẹ̀, Workbooks.Open kò sì ní padà sọ́dọ̀ Python títí ẹnì kan á fi dáhùn. Ta ni yóò dáhùn ní aago méjì òru? Èyí tí ẹ wá mú nínú Task Scheduler yẹn, Session 0 ló ti ń ṣiṣẹ́, Windows sì ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lójú aṣàmúlò láti ìgbà Vista. Kódà bí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà mọ́jú, ẹ ò ní rí àpótí náà. Microsoft fúnra wọn ti sọ ọ́ pé wọn kò ṣe Office fún iṣẹ́ tí kò sẹ́nì kankan nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, fún àyẹ̀wò, ẹ mú "Run only when user is logged on", ẹ sọ Visible di True, kí ẹ sì jókòó tì í.

Ní ti -2147418111, Excel ń sọ pé ọwọ́ òun dí ni. Ó lè máa ṣírò lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ àpótí ló wà lójú rẹ̀. Àfojúbù ni sleep. Ẹ fi try ká ìpè náà. Bí nọ́ńbà yẹn gan-an bá yọ, kó dúró díẹ̀, kó tún pè, kó má sì ju ìgbà 20 lọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹ jẹ́ kó ṣubú, kó sì wà nínú log. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ except lásán tó ń gbé gbogbo àṣìṣe mì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má bínú o, kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi Excel sílẹ̀? openpyxl, àkójọ kóòdù Python tó ń ka fáìlì Excel, ni mo ń lò, kò nílò Excel rárá.

Bàbá Kóòdù:
Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ pé kíkà àti kíkọ nìkan ni, mo wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n openpyxl kì í ṣírò fọ́múlà. Iye tí Excel fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ̀yìn fi fáìlì náà pamọ́ ló lè kà fún wọn, kò sì lè sọ ọ́ di PDF.

Sáré Tete:
Ẹ kàn fi taskkill /f /im EXCEL.EXE sí ìbẹ̀rẹ̀ script. Gbogbo èyí tó há á kúrò lọ́nà.

Onísùúrù:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo Excel tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá ká lórí kọ̀ǹpútà náà ni àṣẹ yẹn máa pa, títí kan èyí tí ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ lé lórí tí kò tíì fi pamọ́. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ti bá a lọ lójú mi rí. Èyí tí script bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kó pa. Kété tí DispatchEx bá ti dáhùn, ẹ gba excel.Hwnd (nọ́ńbà fèrèsé rẹ̀), ẹ gbé e fún win32process.GetWindowThreadProcessId, nọ́ńbà kejì tó bá dá padà ni PID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ Excel yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú finally (apá kóòdù tó máa ń ṣiṣẹ́ bó ti wù kó rí), ẹ ti fáìlì, ẹ pe excel.Quit(), ẹ del gbogbo orúkọ tó ṣì di Excel mú. Bí PID yẹn bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá pa òun nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kà á bọ̀. Tèmi ń sọ pé -2147221008, "CoInitialize has not been called". Thread (ọ̀nà láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni mo ń lò.

Bàbá Kóòdù:
Pe pythoncom.CoInitialize() ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú thread kọ̀ọ̀kan, kí o sì pe CoUninitialize() tó bá parí. Má ṣe gbé Excel tí thread kan bẹ̀rẹ̀ fún òmíràn bẹ́ẹ̀ lásán. Jẹ́ kí kálukú bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Akọ̀wé Òru:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Bí Bàbá Kóòdù ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Mo lo DispatchEx, mo sọ Visible di True, fáìlì kẹta sì há lójú mi ní ọ̀sán gangan. Àpótí kan ló yọ tó ń béèrè bóyá kó mú iye tuntun wá láti inú fáìlì mìíràn. Fáìlì mìíràn yẹn ni mo máa ń ṣí kalẹ̀ láràárọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi bi mí rí.

Mo fi UpdateLinks=0 síbẹ̀, ó kọjá, àmọ́ iye ọjọ́ tó ti kọjá ló wà nínú PDF. Mo yí i sí 3 kó lè mú tuntun wá. Lọ́sàn-án, ó mú un wá. Mo dá a padà sí Session 0, kò rí fáìlì náà.

Onísùúrù:
Ṣé ìsopọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà bíi Z:? Lẹ́tà tí ẹ fi so fódà orí nẹ́tíwọ́kì mọ́ kọ̀ǹpútà yín, ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín wọlé nìkan ló wà. Iṣẹ́ òru kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí Edit Links nínú Excel, kí ẹ yí i padà sí àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú \\ àti orúkọ kọ̀ǹpútà tí fódà náà wà.

Nǹkan kan ṣì kù: DisplayAlerts = False, tó ń dá àpótí ìbéèrè dúró, dára, àmọ́ kì í pa gbogbo àpótí lẹ́nu mọ́. Ẹ fún Workbooks.Open ní Password kan tí kò nítumọ̀. Fáìlì tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní kọbi ara sí i. Èyí tó ní á gbé àṣìṣe jáde dípò kó máa dúró de ènìyàn.

Akọ̀wé Òru:
Z: ni lóòótọ́! Mo ti yí i. Òru mẹ́rin rèé, PDF mẹ́jọ ni mo ń bá láràárọ̀, kò sì sí EXCEL.EXE kankan tó ṣẹ́kù. Ọwọ́ Excel ṣì máa ń dí lórí fáìlì kẹfà, ó ń tún pè tó ìgbà mẹ́ta kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn. Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́, màá fi kóòdù náà síbí lálẹ́ òní, títí kan ibi tí mo ti ń gba PID.